Àbùlẹ̀ Pupa Léjìká Ọ̀tún

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó wa jọ bí ọmọ iléèwé. Àwa lọ́yà tí kóòtù ń yàn fún ẹni tí kò lágbára àtigba lọ́yà, bí a kò bá jókòó kí wọ́n kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á yọ orúkọ wa kúrò lára àwọn tí wọ́n ń yàn. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí látìgbà tí irun mi ti dúdú kirikiri, mi ò sì tíì rí ọdún tí inú mi dùn sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Yàrá tó wà lókè ilé ìkàwé kóòtù ni wọ́n ń kó wa sí. Fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí. Àga wọn ní pákó pẹlẹbẹ kan lápá ọ̀tún tí a fi ń kọ̀wé, ẹni tó bá sì sanra bíi tèmi, ṣe ló máa ń fún ara rẹ̀ wọlé bí ẹni tó ń wọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé kóòtù ń pè mí ní Ata Gbígbẹ lẹ́yìn mi. Mo mọ̀, mi ò sì bínú sí wọn, nítorí ata gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́.

Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ló kọ́ wa lọ́dún yìí. Nígbà tó wà lórí àga ìdájọ́, gbólóhùn kan ló wà lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́: "Kò sí ẹ̀rí." Kò-sẹ́rìí la sì ń pè é títí dòní. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ohunkóhun tí a bá sọ nínú yàrá náà, inú yàrá náà ni kó kú sí. Gbogbo wa ní a gbọ́. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fetí sílẹ̀, torí ọkàn mi wà lórí fáìlì kan tí wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Lọ́yà àgbàlagbà kan ló ni fáìlì yẹn tẹ́lẹ̀. Àìsàn gbé bàbá náà ṣánlẹ̀, wọ́n sì ní kí n gba ẹjọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa wọ kóòtù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹnì kan já ilé ìkẹ́rù wọ̀, ó kó wáyà kọ́pà, ó fi irin lu ọlọ́dẹ lójú, ojú ọ̀hún sì fọ́. Àbúrò ni wọ́n ká wáyà náà mọ́ lọ́wọ́ níbi tó ti ń tà á. Ó ní òun rà á lọ́wọ́ ẹni tí òun kò mọ̀ rí ni, wọ́n sì fẹ̀sùn ríra ẹrù olè kàn án, èyí tí kò wúwo púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni. Òun ni oníbàárà mi, òun sì ni wọ́n di ẹrù tó wúwo lé lórí. Kámẹ́rà ilé ìkẹ́rù kò rí ojú ẹni tó lu ọlọ́dẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ aláwọ̀ eérú kan, iná ti jó èjìká ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì fi àbùlẹ̀ pupa dí i. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an lọ́lọ́pàá bá lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà.

Mo ti lọ rí i lẹ́ẹ̀kan ní àtìmọ́lé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló bá mi sọ. Ó ní, "Èmi kọ́, mà." Ó tún ní, "Èmi ni mo ni jákẹ́ẹ̀tì." Mo bi í pé ta ló tún máa ń wọ̀ ọ́, ó gbójú sí ara ògiri. Inú bí mi. Lọ́yà ìjọba ti sọ fún mi pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ọdún méjì ni wọ́n máa fún un, àmọ́ bó bá rojọ́ tó sì jẹ̀bi, kó lọ máa ka ọdún fúnra rẹ̀. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá lọ bá a, màá sì fagbára mú un gba ọdún méjì yẹn.

Lọ́sàn-án, Kò-sẹ́rìí ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹjọ́ kan tó ń dà á láàmú wá, ká jọ tú u wò. Ó ní ká yí orúkọ padà, ká yí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ padà, ká yí ohunkóhun tí èèyàn lè fi dá oníbàárà wa mọ̀ padà. "Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n," ó wí bẹ́ẹ̀, "àmọ́ ẹ má jẹ́ ká mọ ẹni tó jìn."

Ọmọbìnrin kan nawọ́ níwájú. Ọ́fíìsì mi ló ti kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Kíákíá, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sáré ju èrò rẹ̀ lọ, òun náà sì ń pè mí ní Mọ́mì. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí nídìí fáànù. Kò mọ fáìlì tí wọ́n gbé fún mi, èmi náà ò sì tíì béèrè ẹni tó ń gbẹjọ́ àbúrò rò.

"Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin méjì ni, ọmọ ìyá kan náà," Kíákíá bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan, ó ti oníṣọ́ọ̀bù lulẹ̀, apá onítọ̀hún kán. Àbúrò ni wọ́n yàn mí fún. Ó jókòó níwájú mi, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sílé ní tiẹ̀. Ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n ló kàn wọ̀ jáde nítorí òtútù, ẹ̀wù yẹn náà ni wọ́n sì fi mú ẹ̀gbọ́n. Ó ní àbùlẹ̀ pupa léjìká ọ̀tún, níbi tí iná ti jó o. Ó wá ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe, sà?"

Ó yí ọkùnrin sí obìnrin. Ó yí wáyà sí bàtà, ó yí ojú sí apá. Àbùlẹ̀ nìkan ló gbàgbé láti yí. Àrùn tiwa nìyẹn, àwa lọ́yà. A lè gbàgbé orúkọ oníbàárà, a lè gbàgbé ojú rẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n gbé síwájú adájọ́, bí wọ́n bá jí wa lójú oorun, òun la máa kọ́kọ́ dárúkọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo dìde sọ ẹjọ́ ọ̀hún, ó ṣeé ṣe kí n fi àbùlẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kí ni ìwọ fúnra rẹ rò pé ó yẹ kó o ṣe?" Kò-sẹ́rìí bi í.

"Kí n pa á mọ́, sà."

"O gbà á. Àṣírí yẹn kì í ṣe tìrẹ, ti oníbàárà rẹ ni. Bí kò bá fún ọ láyè, wàá gbé e dé sàréè, kódà bí ẹlòmíràn bá máa jìyà."

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní, "Lọ́yà ẹ̀gbọ́n wá ńkọ́, sà?"

"Kó máa gbàdúrà," ẹlòmíràn dá a lóhùn, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dìde, àga sì dì mí mú, mo wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ sórí ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí a lọ sinmi, mo dúró de Kíákíá lórí àtẹ̀gùn.

"Ta ni lọ́yà ẹ̀gbọ́n yẹn?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n wo, Mọ́mì?"

"Wẹ́dà."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé òun ò mọ wẹ́dà kankan. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó wá dárúkọ bàbá lọ́yà tó ń ṣàìsàn.

"Wọ́n ti gba ẹjọ́ lọ́wọ́ bàbá. Èmi ni lọ́yà wẹ́dà."

Ó di irin àtẹ̀gùn mú. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Kíákíá, èyí tí mi ò rí rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bẹ́ ẹ bá lò ó, iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Ọmọkùnrin yẹn fọkàn tán mi."

"Ẹyin lohùn, mo ti sọ ọ́ fún ọ títí ẹnu fi ń ro mí. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a. Màá bẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà kí n sọ ọ́, màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí kankan. Ẹ ṣáà fún mi di ọjọ́ Ajé."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbá a mọ́ra. Mi ò ṣe ìkankan. Mo ní kó lọ fomi bọ́jú.

Mo ti wá mọ̀ wàyí pé wẹ́dà kò ṣe nǹkan kan, ìmọ̀ yẹn kò sì wúlò fún mi. Bí mo bá sọ ohun tí mo gbọ́ fún adájọ́, á dà á nù, torí ẹnu oníbàárà ẹlòmíràn ni wọ́n ti jí i, wọ́n á sì lé Kíákíá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá fi ẹjọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan, onítọ̀hún á sì fagbára mú wẹ́dà gba ọdún méjì, bí èmi náà ti fẹ́ ṣe. Mo jókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, mi ò lè sọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì mi, mo bá ìyá wẹ́dà àti àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. Ìyá arúgbó ni, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú lórí itan. Mo mú un wọlé. Mo bi í léèrè ohun tí lọ́yà èyíkéyìí tó bá ka fáìlì yẹn máa béèrè, ìyẹn ni mo sọ fún ara mi. Ṣé ǹ bá béèrè rẹ̀ bí mi ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Kíákíá? Mi ò mọ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní pé mi ò mọ̀.

"Màmá, ta ló rán àbùlẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni. Aṣọ fèrèsé wa tó ya ni mo gé."

"Yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì náà?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Lọ́yà, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọwọ́ méjì lèmi ní, kò sì sí ẹ̀kẹta. Èwo lo fẹ́ kí n gé nínú rẹ̀?"

"Wọ́n ti ń gé ọ̀kan lọ yẹn, Màmá."

"Kì í ṣe èmi ni mo mú ọ̀bẹ lọ́wọ́," ó wí bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá náà mọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n mú wẹ́dà jáde fún mi sínú yàrá kékeré kan. Wọ́n kan tábìlì ibẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n kan àga mọ́lẹ̀, wádà ọgbà ẹ̀wọ̀n kan sì ń yọjú wò wá láti ojú gíláàsì ẹnu ilẹ̀kùn. Àpá iná wà lọ́wọ́ wẹ́dà láti ìka dé ìgúnpá. Mo sọ fún un nípa ọdún méjì tí lọ́yà ìjọba fẹ́ fún un. Mo wá béèrè jákẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo ògiri. Èmi ló ń wò. "Mà, bẹ́ ẹ ṣe béèrè rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ti ìjọsí."

"Báwo?"

"Nígbà yẹn, ẹ fẹ́ mọ̀ ni. Lónìí, ó jọ pé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́." Ó fa àga, ó gbàgbé pé wọ́n ti kàn án mọ́lẹ̀. "Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn. Kò mọ bàbá wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú àwa méjèèjì, mo wò ó lójú nínú mọ́tò ọlọ́pàá, mo sì sọ nínú ara mi pé ohun tí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ, èmi ò ní bá a sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́, èmi náà á sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ó ti sọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń béèrè. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á yanu sọ ibi tó wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Mi ò lè dá yín lóhùn," mo wí.

"Ṣé ẹ ò lè dáhùn ni, àbí ẹ ò mọ̀?"

Bí mo bá ní mi ò mọ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, á sì gba ọdún méjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni màá pa, oníbàárà mi sì ni. Mi ò pa irọ́ fún oníbàárà rí, kódà nígbà tí irọ́ ì bá ṣe é láǹfààní.

"Mi ò lè dá yín lóhùn," mo tún wí.

Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Omi dà níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó ti sọ ọ́ fún ẹnì kan. Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn kò burú. Bó bá ti lè sọ ọ́ fún ẹnì kan, á sọ ọ́ fún adájọ́."

"Ẹ má gbára lé ohun tí mi ò sọ."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan, mà. Mo gbọ́. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò gba ọdún méjì. Màá dúró de àbúrò mi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ọdún méjì kúrú, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú èèyàn. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé wádà ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n má bínú. Wọ́n mú un wọlé, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Kíákíá ti dúró dè mí nínú kọ́rídọ̀ kóòtù. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ kó tó lanu. "Ó kọ̀, Mọ́mì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi lé mi síta. Ẹ̀rù ń bà á."

Ẹjọ́ náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n gbé fọ́tò kámẹ́rà síwájú adájọ́, wọ́n na jákẹ́ẹ̀tì sókè, àbùlẹ̀ pupa rẹ̀ kọjú sí gbogbo wa. Ọlọ́dẹ dé pẹ̀lú ojú kan tó kù fún un, ó sọ ohun tó mọ̀. Mo bi í bóyá ó rí ojú ẹni náà, ó ní rárá. Mo sọ ọ́ títí pé jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe èèyàn, pé ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́. Adájọ́ béèrè pé ta wá ni ẹnikẹ́ni náà, mi ò sì lè dáhùn.

Kí adájọ́ tó dájọ́, ó bi wẹ́dà bóyá ó ní nǹkan sọ. Wẹ́dà dìde. Kò wo adájọ́. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kíákíá, ó sì dúró. Mo wo ìyá wọn, mo wo Kíákíá, mo wo ara mi. Gbogbo wa la mọ̀, àfi ẹni tó fẹ́ dájọ́. Àbúrò, ọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n, tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Adájọ́ tún ìbéèrè náà bi. Wẹ́dà ní òun kò ní nǹkan sọ, ó sì jókòó.

Ọdún méje ni wọ́n fún un. Ti àbúrò, wọ́n ní àkókò tó ti lò ní àtìmọ́lé ti tó, kó máa lọ sílé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wẹ́dà níbi tí wọ́n há a mọ́ kí mọ́tò tó dé. Mo rò pé á bú mi. Ì bá mà ti bú mi. Mo ní a máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó mi orí, kò jọ pé ó gbọ́.

"Ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan, mà," ó wí. "Ẹ sọ fún àbúrò mi kó wá jákẹ́ẹ̀tì rà. Ẹyọ kan la ní láàrin àwa méjèèjì, wọ́n sì ti gbà á báyìí. Òtútù máa ń mú un púpọ̀ láti kékeré."

Mo bá ìyá àti ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú kóòtù. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi láyè láti sọ látọjọ́ tí ẹjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ bojú. Ọmọ náà rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn èèyàn sì ń yà fún un kọjá.

"Mà," ó pè mí nígbà tó yá, "ṣé ó ti pẹ́ jù?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ó sì ń yún mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni lọ́yà rẹ̀.

"Mi ò lè dá ọ lóhùn," mo ní. "Lọ́yà rẹ ni kó o bi. Má kúrò níbẹ̀ yẹn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dìde."

Mo bá yí padà, mo gun àtẹ̀gùn kóòtù náà, èmi tí mo sanra báyìí, mò ń sáré wá Kíákíá.